Ìbéèrè àti ìdáhùn: Láti Huế dé Nha Trang lórí alùpùpù tí a háyà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ lọ sí Fiẹtnám ní oṣù kẹta tó ń bọ̀. A fẹ́ háyà alùpùpù kan, kí a gba etí òkun láti Huế dé Nha Trang. London ni a ń gbé. Mo gun ọ̀kadà dáadáa ní Ìbàdàn kí n tó wá síbí, ṣùgbọ́n láìsẹ́ǹsì mọ́tò nìkan ni mo ní ní ìlú ọba. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kò sẹ́ni tó ń béèrè ìwé lọ́hùn-ún. Ṣé òótọ́ ni? Irú alùpùpù wo ni kí a gbà? Bí wọ́n bá ní kí n fi pásípọ́ọ̀tù mi dúró, ṣé kí n gbà? Ibo ni ọ̀nà náà sì ti le?

Ìdáhùn: Ẹ kú ètò o, ẹ bá mi kí ìyàwó yín. Iṣẹ́ mi ni láti máa ṣètò ìrìnàjò alùpùpù ní apá ibẹ̀ yẹn, inú mi sì dùn sí ohun tí ẹ mú. Oṣù kẹta dára. Huế sí Nha Trang ni mo sì fẹ́ràn jù nínú gbogbo etí òkun Fiẹtnám, bó ṣe gùn ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta kìlómítà lọ tó un. Ìwé ni kò tíì pé. Ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀, torí bí ibẹ̀ kò bá tọ́, ìyókù tí mo fẹ́ sọ kò wúlò fún yín.

Ọ̀rẹ́ yín kò purọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi alùpùpù háyà ló ń sọ. Ẹni yẹn lè má béèrè láìsẹ́ǹsì, owó ni tirẹ̀. Ọlọ́pàá ojú ọ̀nà yóò béèrè. Bí ẹ bá sì ṣubú, tí wọ́n gbé yín dé ọsibítù ní Đà Nẵng, ilé iṣẹ́ insọ́ránsì tó yẹ kó sanwó yóò béèrè. Bí ìwé kò bá sí, wọn kò ní san kọ́bọ̀. Iṣẹ́ abẹ, bẹ́ẹ̀dì, ọkọ̀ òfuurufú tó máa gbé yín padà sí London, gbogbo rẹ̀ di ti àpò yín. Èyí ló ń dẹ́rù bà mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, ju òkè lọ, ju tírélà lọ.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025 ni òfin ojú ọ̀nà tuntun ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, owó ìtanràn sì ti gbéra. Ẹni tó bá gun alùpùpù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju 125 cc lọ láìní láìsẹ́ǹsì, mílíọ̀nù 2 sí mílíọ̀nù 4 đồng, owó Fiẹtnám, ni yóò san. Bó bá ju 125 cc lọ, mílíọ̀nù 6 sí mílíọ̀nù 8 ni. Wọ́n sì lè gbé alùpùpù náà sí àgọ́, kí ẹ wá máa bá olówó rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ owó ọjọ́ tó fi wà níbẹ̀.

Ìwé tí wọ́n gbà ni láìsẹ́ǹsì àgbáyé tí a ṣe lábẹ́ àdéhùn ìrìnnà ojú ọ̀nà ti ọdún 1968, ẹ ó sì mú láìsẹ́ǹsì yín gan-an mọ́ ọn. Èyí tó wà lábẹ́ àdéhùn ọdún 1949 kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn ènìyàn wa ní Amẹ́ríkà ni èyí ń dùn jù, nítorí ti 1949 nìkan ni wọ́n ń fún wọn lọ́hùn-ún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ìlú ọba rí i gbà: láti oṣù kẹrin ọdún 2024, àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ní PayPoint ni wọ́n ti ń ṣe é, £5.50 ni. Ẹ sọ fún wọn ketekete pé ti 1968 lẹ fẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó bá wà lára láìsẹ́ǹsì yín nìkan ni wọ́n lè tẹ òǹtẹ̀ sí nínú rẹ̀. B ni ti mọ́tò. A tàbí A1 ni ti alùpùpù. Bí kò bá sí òǹtẹ̀ níbi A, ìwé yẹn kò ràn yín lọ́wọ́.

Ẹni tó ti gba Dùgbẹ̀ kọjá lórí ọ̀kadà, mo mọ̀ pé kò ní fòyà ní ìgboro Huế, ọwọ́ yẹn yóò sì wúlò fún yín gan-an. Ẹ jẹ́ ká wá fi ìwé tì í lẹ́yìn. Ẹ ṣe CBT, ìyẹn ẹ̀kọ́ alùpùpù tó jẹ́ dandan ní ìlú ọba, ẹ ṣe ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, kí ẹ wá ṣe ìdánwò orí alùpùpù, ìpín méjì nìyẹn. A1 tó fún alùpùpù tí mo fẹ́ kí ẹ gùn. CBT nìkan kò tó, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ó tó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, nítorí déètì ìdánwò kì í sábà yá. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ìwé insọ́ránsì yín dé ìsàlẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ó dárúkọ alùpùpù, bóyá ó fi òdiwọ̀n sí bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbọ́dọ̀ tó, bóyá ó sì kan ẹni tó jókòó sẹ́yìn.

Bí déètì kò bá bọ́ sí i, ẹ lọ, ṣùgbọ́n ẹ má gùn ún fúnra yín. Àwọn ará ibẹ̀ wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n gbé àlejò sẹ́yìn alùpùpù tiwọn, alùpùpù méjì ni ẹ̀yin méjèèjì yóò gbà. Láti Huế sí Đà Nẵng, ẹ tún lè wọ ọkọ̀ ojú irin. Ó ń gba ẹsẹ̀ òkè létí omi gan-an, ibi tí ojú ọ̀nà kò lè mú yín dé.

Ọ̀rọ̀ alùpùpù wá kàn. Ẹ gba Honda Wave, Honda Blade tàbí irú wọn, 110 cc. Kò ní kílọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ẹsẹ̀ lẹ ó fi máa yí jíà, bí lédìsì máṣíìnì tí a mọ̀ nílé. Wọ́n lè fẹ́ fún yín ní èyí tí kò ní jíà rárá, torí àlejò fẹ́ràn rẹ̀. Ó dáa nínú ìgboro, ṣùgbọ́n ẹ̀yin méjì ni, ẹrù wà lẹ́yìn, òkè sì pọ̀ lójú ọ̀nà yín. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí èyí tó ní jíà, ẹ fi sí jíà kejì, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ yóò máa dá yín dúró, bíréèkì á sì rí ìsinmi. Lórí èyí tí kò ní, bíréèkì nìkan ló ń ṣiṣẹ́ náà. Yóò gbóná, yóò máa rùn, lẹ́yìn náà ẹ ó tẹ̀ ẹ́ kò ní mú mọ́. Àwọn ará Đà Nẵng mọ èyí dáadáa. Lórí òkè Sơn Trà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú wọn, wọn kì í jẹ́ kí alùpùpù tí kò ní jíà gun ọ̀nà tó lọ sí téńté.

Owó háyà wà láàárín 120,000 sí 200,000 đồng lóòjọ́. Ti yín yóò wọ́n jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀, torí Nha Trang ni ẹ ó ti dá a padà. Ilé iṣẹ́ tó ní ẹ̀ka ní ìlú méjèèjì ni kí ẹ wá.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi fídíò ká gbogbo ara alùpùpù náà, kí olówó rẹ̀ wà nínú fídíò. Ẹ tẹ bíréèkì méjèèjì, ẹ wo iná ẹ̀yìn, ẹ fun fèrè, ẹ wo ojú táyà bóyá ó ti dán, ẹ wo ṣéènì bóyá ó ti rọ̀. Ẹ gba káàdì tí wọ́n fi forúkọ alùpùpù náà sílẹ̀, kí ẹ fi nọ́ńbà ara rẹ̀ wé ti ẹ̀yìn alùpùpù, kí ẹ sì gba ìwé insọ́ránsì kékeré tí òfin ní kó máa bá a rìn. Akoto wọn sábà máa ń fẹ́lẹ́. Ẹ dè é mọ́ àgbọ̀n, ẹ fi ọwọ́ gbá ẹ̀yìn rẹ̀ mú, kí ẹ tì í síwájú. Bó bá bọ́ lórí yín, ẹ dá a padà. Bí ẹ bá ní àyè nínú àpótí, ẹ gbé tiyín láti London.

Ẹ má fi pásípọ́ọ̀tù dúró. Alaalẹ́ ni hòtẹ́ẹ̀lì yóò béèrè fún un, torí wọ́n gbọ́dọ̀ forúkọ àlejò sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ẹni tí pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ wà ní Huế, kí ni yóò fi sùn ní Quy Nhơn tó wà níwájú lọ́nà? Ẹ fi owó dúró, ẹ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, kó sì wà ní kíkọ iye tí ẹ ó san bí dígí bá fọ́ tàbí bí ara rẹ̀ bá họ. Bí pásípọ́ọ̀tù ìlú ọba lẹ ní, ọjọ́ 45 lẹ lè lò láìgba físà. Bó bá jẹ́ ti Nàìjíríà, ẹ gba físà orí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó gbéra, ó lè tó 90 ọjọ́, dọ́là 25 ni bí ẹ ó bá wọlé lẹ́ẹ̀kan péré.

Ọ̀nà wá kù. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń rìn. Ẹ̀yin tí London ti mú mọ́ òsì, ìyẹn á da orí rú láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, pàápàá bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé epo. Tírélà tó bá fun fèrè lẹ́yìn yín, ohun tó ń sọ ni pé òun ń kọjá, òun kò sì ní dúró. Ẹ fún un ní ọ̀nà. Ẹ má yà sí ọ̀tún nígbà tí iná bá pupa, àfi bí àmì bá gbà yín láàyè: mílíọ̀nù 4 sí mílíọ̀nù 6 ni ẹni tó bá já iná ń san. Ọtí kankan kò sí fún ẹni tó ń gùn ún, ìgò bíà kan ṣoṣo ti rú òfin. Ojú ọ̀nà tí wọ́n kọ cao tốc sí, ìyẹn ọ̀nà tí mọ́tò ti ń sáré gan-an, ẹ má gbà á, a kò gba alùpùpù níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù òkè Hải Vân tó wà láàárín Lăng Cô àti Đà Nẵng. Kìlómítà 21 ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó 500 mítà. Ọkàn yín balẹ̀. Láti ọdún 2005 tí wọ́n ti la ihò ọ̀nà gba inú òkè náà ni ọ̀pọ̀ tírélà ti kúrò lórí rẹ̀, àwọn tó gbé epo àti àwọn tó gbé ẹran nìkan lẹ ó máa pàdé. A kò jẹ́ kí alùpùpù wọ inú ihò yẹn, nítorí náà Đèo Hải Vân, ọ̀nà orí òkè, ni kí ẹ máa wò lára pátákó, kì í ṣe Hầm, ọ̀nà inú ihò. Kùrukùru lè bo apá Huế ní oṣù kẹta, kí oòrùn sì máa ràn lápá kejì. Ẹ tan iná, ẹ fun fèrè kí ẹ tó yí kọ́nà, kí ẹ má sì dúró ya fọ́tò nínú kọ́nà. Lókè téńté, ibodè bíríkì tí ọba Minh Mạng kọ́ ní ọdún 1826 ṣì dúró, ibẹ̀ lẹ ó ti sinmi.

Ibi tó le gan-an ni QL1, ọ̀nà àgbà tó gba gbogbo etí òkun kọjá. Títẹ́ ló tẹ́, ó sì ń tan ènìyàn. Tírélà àti bọ́ọ̀sì alẹ́ ló ni ín. Gbogbo ọgbọ́n ìrìnàjò yín ni kí ẹ máa sá fún un níbi tí ọ̀nà kékeré bá wà. Láti Hội An, ẹ gba afárá Cửa Đại, kí ẹ máa tẹ̀lé ọ̀nà Võ Chí Công lọ sí ìsàlẹ̀ létí òkun. Nítòsí Quảng Ngãi, ẹ ó kan Sơn Mỹ, níbi tí ọmọ ogun Amẹ́ríkà ti pa àwọn ará abúlé ní ọjọ́ 16 oṣù kẹta ọdún 1968. Orúkọ ènìyàn 504 ló wà nínú ilé ìrántí náà, ọmọdé pọ̀ nínú wọn. Ẹ yà síbẹ̀, ẹ má kánjú.

Ní Sa Huỳnh, ẹ ó fi QL1 rìn fún ìgbà díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko iyọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ọ̀nà DT639 títí dé Quy Nhơn. Láti Quy Nhơn sí Tuy Hòa ni mo fẹ́ràn jù, bí 100 kìlómítà ni. QL1D gun ẹ̀gbẹ́ òkè lórí òkun, ó sọ̀ kalẹ̀ sí Sông Cầu, àwọn ọkọ̀ apẹja sì kún inú odò. Ẹ yà sí Gành Đá Đĩa: òkúta dúdú onígun márùn-ún, onígun mẹ́fà, tó fara mọ́ra bí afárá oyin tó sì wọ inú òkun lọ. Lójú ọ̀nà, ẹ ó rí ilé kọfí onígi tí wọ́n so àwọ̀n sí láti fi sùn. Ẹ ra kọfí kan, ẹ bọ́ bàtà, ẹ sùn nínú rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá mú. Kò sẹ́ni tó máa lé yín. Ní ìgbà ìkórè, wọ́n máa ń sá ìrẹsì sí ìdajì ojú ọ̀nà. Ẹ má gùn ún mọ́lẹ̀: oúnjẹ wọn ni, táyà sì máa ń yọ̀ lórí rẹ̀.

Ẹ dúró ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ má rìn lálẹ́. Tí táyà bá jò, ẹ wá pátákó tó kọ sửa xe tàbí vá xe, kò jìnnà sí ara wọn. Ẹ mú aṣọ òjò méjì dání, àti ṣòkòtò gígùn fún ìyàwó nítorí sàláǹsà gbígbóná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Nọ́ńbà ọkọ̀ aláìsàn ni 115, ti ọlọ́pàá ni 113.

Ohun kan tó lè da máàpù yín rú: láti oṣù keje ọdún 2025 ni wọ́n ti da àwọn ìpínlẹ̀ pọ̀, 63 di 34. Quy Nhơn wà lábẹ́ Gia Lai báyìí, Tuy Hòa wà lábẹ́ Đắk Lắk, bẹ́ẹ̀ orí òkè tó jìnnà sí òkun ni a mọ orúkọ méjèèjì sí. Orúkọ ìlú ni kí ẹ máa fi wá ibi tí ẹ ń lọ.

Láti Tuy Hòa, ẹ gba Vũng Rô àti ọ̀nà orí òkè Đèo Cả. QL1 yóò gbà yín lẹ́yìn ìyẹn títí dé Lương Sơn. Níbẹ̀ ni kí ẹ yà sí Phạm Văn Đồng, òun ló ń gba etí òkun wọ Nha Trang. Fídíò yẹn, ẹ tún un wò pẹ̀lú ẹni tó bá gba alùpùpù lọ́wọ́ yín, kí owó ìdúró yín wọlé kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹ bá ti gba déètì ìdánwò, ẹ kọ̀wé sí mi, ká jọ pín ọjọ́ yín sí ìlú kọ̀ọ̀kan.