Èsì: Ẹni tó ń ṣọ́wó ná kì í ṣe ahun

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, arábìnrin. Ẹ ní ọkọ yín kọ̀ láti ra aṣọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ yín, ìyẹn aṣọ ẹgbẹ́ ọjọ́ orí yín, fún ọdún Ojúde Ọba tí a ń ṣe n'Íjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ kẹta Iléyá, bẹ́ẹ̀ ó ti san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ kí wọ́n tó wọlé. Ṣé ahun ni? Rárá o.

Ẹni tó ń ṣọ́wó ná, ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń fi nǹkan dù. Ahun ní tirẹ̀, ẹni tó yẹ kó tọ́jú ló ń fi dù, owó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo mọ ìyá kan tó ń ta gàrí ní ọjà Òkè-Ajé, n'Íjẹ̀bú-Òde níbí. Ìró tó ti ṣá ló máa ń ró wá sọ́jà, kì í sì í jẹ́ kí alájọ kọjá láìdáwó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ọjọ́ kan lóṣù ni alájọ ń yọ fún iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọmọ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ lọ sọ́sibítù, òun ló kọ́kọ́ tú owó létí ìró, kò tiẹ̀ bèèrè ìgbà tí wọn yóò dá a padà. Wọ́n á ní ahun ni gbogbo Ìjẹ̀bú! Ó máa ń dùn mí gan-an.

Aṣọ ẹgbẹ́ lọ́jọ́ kẹta Iléyá kì í ṣe nǹkan kékeré, mo mọ̀. Ẹ má bá ọkọ yín jà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dá àjọ ti ọdún tó ń bọ̀ láti ìsinsìnyí. Ṣùgbọ́n bí ara yín kò bá yá, tí owó wà nílé, tí ọkọ yín sì ní kí ẹ ní sùúrù dìgbà tí oṣù bá parí, ẹ tètè sọ fún àwọn àgbà ẹbí.