Ẹ jẹ́ kó lọ sídìí aró

Àǹtí, ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn. Ẹ ní àbúrò yín, ọmọ ọdún 12, kì í sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà tí màmá yín ti kú, àfi kó máa ya àwòrán. Ẹ ní ṣé kó máa lọ kọ́ àdìrẹ lásìkò ìsinmi?

Ọmọ ọdún 9 ni mí nígbà tí ìyá mi kú. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà l'Óṣogbo ni wọ́n kó mi lọ. Ọjọ́ kẹjọ ò tíì pé tí ẹbí fi pín aṣọ ìyá mi. Wọ́n ń wọn ìró mọ́dìí lójú mi, ẹnì kan ò bi mí pé èwo ni mo fẹ́. Ìró àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan ló ṣẹ́ kù, irú tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, tí wọ́n ya òpó gbọ̀ngàn Màpó Ìbàdàn sí, ó ti ṣá débi pé wọn ò kà á kún aṣọ. Abẹ́ ìrọ̀rí ni mo fi í sí. Mo ń gbóòórùn rẹ̀ lálaalẹ́ títí òórùn ìyá mi fi tán lára rẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni mo tó sunkún.

Olùgbaninímọ̀ràn ilé ìwé wa ní kí wọ́n gba aṣọ náà lọ́wọ́ mi, kí n lè gbàgbé. Ìwé tó kà nìyẹn! Ta ló ń gbàgbé ìyá rẹ̀?

Ìyá àgbà ò dá a lóhùn. Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ aláró, wọ́n ní kí èmi fúnra mi ti ìró náà bọ ìkòkò. Àwọ̀ ewé ló bá jáde, mo ní mo ti bà á jẹ́. Afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, ló bá ń di búlúù lójú mi. Àwọn òpó Màpó tó funfun tẹ́lẹ̀ náà mu aró. Wọn ò funfun mọ́, ṣùgbọ́n mo ṣì ń rí wọn. Mi ò kúrò nídìí aró mọ́ láti ọjọ́ náà.

Dídì, fífi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ, rírẹ, ìyẹn ò le, á mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣáà bi aláró bóyá ewé ẹ̀lú ló ń lò àbí kẹ́míkà. Kọ́sítíìkì sódà tí wọ́n ń pò mọ́ kẹ́míkà ń jóni lára. Bí kò bá sí ìbọ̀wọ́, ẹ mú un kúrò. Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀gá sọ ọ́ di ẹni tó ń fọ abọ́ fún un.

Tíṣà á ní iṣẹ́ ọnà kì í bọ́ni. Ẹ má dá a lóhùn. Ọmọ ọdún 6 ni Màmá Nike Okundaye, gbajúgbajà oníṣẹ́ àdìrẹ, nígbà tí ìyá tiwọn kú. Ìyá ńlá wọn tó ń hunṣọ ló tọ́ wọn ní Ògìdì, ní ìpínlẹ̀ Kogi.

Àpótí aṣọ màmá ńkọ́? Ẹ ṣí i kí ẹbí tó dé. Kí ọmọ yẹn fúnra rẹ̀ mú ọ̀kan.