Ìràwọ̀ Kan Wà Tó Ń Ṣẹ́jú

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Alaalẹ́ ni mò ń wo ìràwọ̀ lẹ́yìnkùlé. Mi ò ní tẹlisíkóòpù, ojú lásán ni. Àwọn ará ilé ní ṣe ni mo kàn ń fi oorun ṣòfò. Ṣé ohun tí mò ń rí lè wúlò fáwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì?

ÌDÁHÙN: Á wúlò dáadáa, àbúrò. Lọ́dún 1783, John Goodricke, adití ọmọ ọdún 18 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń fi ojú lásán wo Algol, ìràwọ̀ kan láàárín àwọn tí wọ́n ń pè ní Perseus. Ó rí i pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń rẹlẹ̀, ó tún ń padà bọ̀ sípò, bí ẹni ń ṣẹ́jú. Ó ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé nǹkan dúdú kan ló ń gba iwájú rẹ̀ kọjá. Òótọ́ ló sọ: ìràwọ̀ méjì ló ń yí ara wọn po níbẹ̀, èyí tí kò mọ́lẹ̀ tó a sì máa bo ìkejì.

Ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 2, wákàtí 20 àti ìṣẹ́jú 49 síra ni Algol ń ṣẹ́jú, tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀, ó ń gbà tó wákàtí 10 kó tó padà bọ̀ sípò. Fi fóònù sílẹ̀ nínú ilé. Ó ń tó ìṣẹ́jú 20 kí òkùnkùn tó mọ́ ojú lára. Fi Algol wé ìràwọ̀ míì tó ń jẹ́ Almach, torí ìmọ́lẹ̀ àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba nígbà tí Algol kò bá ṣẹ́jú. Má fi wé ìràwọ̀ Rho Persei tó wà nítòsí o! Ìmọ́lẹ̀ òun alára ń yí padà, ẹlẹ́rìí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í dúró ni.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo kọ ọ́ sínú ìwé lóru ọjọ́ kan pé Algol ti rẹlẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ jí gbogbo ilé. Ìgbà tí mo tún gbójú sókè, Almach náà ti rẹlẹ̀: àṣé ìkùukùu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ń kọjá. Ọjọ́ tí mo kọ síbẹ̀ gan-an ò tọ̀nà, aago 12 òru ti kọjá, ọwọ́ mi ṣì ń kọ ti àná. Aago àgbáyé, UTC, ni kí o máa lò.

Tí àkọsílẹ̀ rẹ bá ti pọ̀ díẹ̀, fi ránṣẹ́ sí AAVSO, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣọ́ ìràwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ wọn ń yí padà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1911. Ibi yòówù kéèyàn wà, wọ́n ń gba ti ojú lásán. Lálẹ́ tí Algol bá sì máa ṣẹ́jú, pe àwọn ará ilé síta, kí àwọn náà wá fi oorun ṣòfò díẹ̀.