Ẹ má pa gbàǹjo dé nítorí ẹni tó ń kánjú

Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà tí ẹ gbé sí gbàǹjo lórí eBay (ọjà orí ìntánẹ́ẹ̀tì) ní Amẹ́ríkà níbẹ̀: ó ku ọjọ́ méjì, owó ṣì wà ní $85, ẹnì kan wá kọ̀wé pé òun á san $200 lónìí tí ẹ bá pa gbàǹjo dé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á lọ rà níbòmíràn. Ẹ jẹ́ kó lọ.

Ẹ rántí bí oníbàárà ṣe máa ń kẹ́yìn sí ìsọ̀ bí ẹni ń lọ, kí ìyálọ́jà lè pè é padà. Nínú gbàǹjo, kò sídìí tí ẹ ó fi pè é, torí àwọn yòókù ṣì dúró sí ìdí ìsọ̀. $85 yẹn náà kò gbọdọ̀ já yín láyà. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kì í fowó lé e títí yóò fi ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Gbàǹjo ọlọ́jọ́ méje tó ku ọjọ́ méjì, ọjà tí kò tíì kún ni.

Ẹni tó ń kánjú yẹn ti wo iye tí irú kámẹ́rà yìí ń tà. Ẹ̀yin náà, ẹ kọ orúkọ àti mọ́dẹ̀lì rẹ̀ síbi ìwákiri, kí ẹ mú "Sold items", ìyẹn àwọn ọjà tí wọ́n ti tà. Iye tí wọ́n san gan-an lẹ máa rí níbẹ̀. Iye tí ọlọ́jà kàn ń fẹnu pè kò sí nínú rẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ bá kọjá $280, a jẹ́ pé $80 ló fẹ́ fi ìkánjú gbà lọ́wọ́ yín.

Ẹ fèsì lẹ́ẹ̀kan péré: "Ẹ ṣé o. Gbàǹjo yìí á parí lásìkò rẹ̀. Ẹ fi iye tó ga jù tí ẹ lè san lé e." Bó bá fi $200 síbẹ̀, eBay kò ní gbé gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa fi kún un bí ẹlòmíràn bá ṣe ń fowó lé e. Bó bá kọ̀, ẹ̀rù pé ẹlòmíràn á san jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń bà á. Bó bá tún kọ̀wé lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ fi orúkọ rẹ̀ sínú blocked buyer list (orúkọ àwọn tí ẹ kò fẹ́ tà fún), kí ẹ gbàgbé rẹ̀. Tí ẹnì kan bá ti fowó lé ọjà, tí àkókò tó kù kò sì tó wákàtí 12, ẹ kò lè fagi lé owó tí wọ́n fi lé e mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ pa á dé nígbà náà, ẹni tí owó rẹ̀ ga jù nìkan lẹ lè tà á fún.

Ẹni tó bá ní kí ẹ wá sórí WhatsApp, ìyẹn tún burú jù. Òfin eBay kò fàyè gba títà lẹ́yìn òde, bí ìjà bá sì dé, ẹ ò ní ẹ̀rí kankan tí eBay máa gbà. Nígbà mìíràn ìmeèlì á wọlé pé wọ́n ti san owó, ṣùgbọ́n àfi kí ẹ kọ́kọ́ fi tracking number (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń tọpa ẹrù) ránṣẹ́ kí owó tó bọ́ sílẹ̀. Irọ́ ni. Ẹ má tẹ ohunkóhun nínú ìmeèlì yẹn. Ẹ fọwọ́ ara yín ṣí àkáǹtì yín, kí ẹ wò ó níbẹ̀. Bí oníbàárà bá sanwó tán tó ní kí ẹ fi ọjà ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì mìíràn, ẹ kọ̀. Àdírẹ́sì orí ọ́dà nìkan ni ààbò tí eBay ń fún ọlọ́jà mọ̀. Ẹni tí kò bá sì sanwó rárá, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin ẹ lè fagi lé ọ́dà náà.

Ìfúngun tó le jù máa ń wáyé lẹ́yìn tí ọjà bá ti dé ọwọ́ oníbàárà, tí yóò máa fi feedback (ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ nípa ara wọn lórí eBay) halẹ̀: "Lẹ́ńsì rẹ̀ ní ìlà. Ẹ dá $40 padà fún mi, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ màá kọ feedback burúkú." Ẹ má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Láti 2008 ni ọlọ́jà kò ti lè kọ feedback burúkú nípa oníbàárà mọ́, àwọn yìí sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kan wà tó dè wọ́n: ẹni tó bá fi feedback halẹ̀ láti gba ohun tí kò sí nínú ọjà tó rà ti rú òfin eBay. Inú ìfiránṣẹ́ eBay ni ìhàlẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wà kí ẹ tó lè fẹjọ́ sùn. Ẹ dá a lóhùn pé: "Ẹ má bínú. Ẹ ṣí ìbéèrè ìdápadà ọjà. Tí kámẹ́rà bá padà dé, ẹ ó gba gbogbo owó yín." Ẹni tí $40 nìkan ló ń wá kì í sábà fẹ́ dá kámẹ́rà padà.

Bó bá ṣí i lóòótọ́, ẹ dáhùn láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta, torí bí ẹ bá dákẹ́, eBay lè dá ẹjọ́ náà fún un. Bó bá ní ọjà kò rí bí ẹ ṣe kọ ọ́, ẹ̀yin lẹ ó san owó ìdápadà. Ó ń dunni o, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí kámẹ́rà àti owó jọ lọ.

Nítorí náà kí ẹ tó dì í, ẹ ya àwòrán serial number rẹ̀ (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà lára rẹ̀), ẹ ya lẹ́ńsì lábẹ́ iná, ẹ ya fídíò bí ẹ ṣe ń lẹ páálí pa, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì tí ìwọ̀n ẹrù wà lórí rẹ̀. Ọjà tó bá tó $750 gbọ́dọ̀ ní ìfọwọ́sí ẹni tó gbà á. Nígbà tí páálí bá padà, ẹ má tú u láì sí kámẹ́rà fóònù yín lórí rẹ̀. Bí serial number kò bá bára mu, ẹ má tíì dá owó padà. Ẹ ní kí eBay dá sí i, kí ẹ fi àwòrán ìgbà tó lọ àti ìgbà tó bọ̀ hàn wọ́n.