Ṣé lóòótọ́ ni sìgá ń pa alẹ́jì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ mi ń ra kòkó l'Ondo níbí, tó bá ti ń da àpò kòkó nínú sítọ́ọ̀ báyìí á máa sín léraléra, ojú á pọ́n, imú á máa dà. Ó ní tóun bá ti jáde lọ fa sìgá kan ara òun á rọlẹ̀, pé ẹnì kan sọ fún òun pé nikotíìnì inú ẹ̀ ló ń pa alẹ́jì. Ọmọ wa kejì sì ní ásímà. Ṣé òótọ́ ni? – Ìyàwó Oníkòkó

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìfaradà, mà. Ẹni yẹn ò parọ́ tán, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kọ́rọ̀ náà léwu. Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àìsàn jà (tí wọ́n bá ń bá nǹkan bí eruku jà ju bó ṣe yẹ lọ, ìyẹn ni alẹ́jì) ní ojúko kan tí wọ́n ń pè ní α7, tí nikotíìnì bá ti so mọ́ ọn, ìjà wọn á rọlẹ̀, kẹ́míkà tí wọ́n ń tú jáde tó ń mú ara wú á dín kù. Olùwádìí kan tó ń jẹ́ Kevin Tracey àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ l'Amẹ́ríkà ló gbé e jáde nínú Nature, ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì, lọ́dún 2003. Ní 2008 àwọn kan tún fún eku tó ní alẹ́jì ní nikotíìnì, alẹ́jì yẹn rọlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ń dí ọ̀nà èémí wọn ò dín kù.

Ṣùgbọ́n nikotíìnì nìkan kọ́ ló wà nínú sìgá o, kẹ́míkà tó wà nínú èéfín ẹ̀ ju 7,000 lọ, bíi 70 nínú ẹ̀ ló ń fa jẹjẹrẹ, èéfín yẹn náà ló ń ba àwọn irun tíntìntín tó ń gbá eruku kúrò nínú ọ̀nà èémí jẹ́, eruku kòkó á wá jókòó síbẹ̀. Ẹ tún wò ó, ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ó máa ń jáde lọ fa á ni, ṣé kì í ṣe pé ó kúrò nínú eruku ló jẹ́ kó má sín mọ́?

Ti ọmọ yẹn ló ká mi lára jù. Èéfín sìgá bàbá ẹ̀ lè gbé ásímà ẹ̀ dìde nígbàkigbà, kó má fa á nínú ilé tàbí nínú mọ́tò rárá, kí ínhélà ọmọ sì máa wà nítòsí.

Kí ọkọ yín máa lo ìbòmú tó bá ń da kòkó, kó ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì (ẹ má wọ́n omi sí i o, kòkó á bu!), kó sì lọ rí dókítà ní UNIMEDTH, ilé ìwòsàn yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn tó wà l'Ondo yín níbẹ̀, kí wọ́n wò ó bóyá alẹ́jì ni lóòótọ́, oògùn ẹ̀ wà. Kó má fi sìgá tó ń fa pamọ́ fún dókítà, torí tí wọ́n bá ní kó máa lo ínhélà oní-steroid (oògùn fífà símú tó ń dín wíwú ọ̀nà èémí kù), kì í ṣiṣẹ́ dáadáa lára ẹni tó ń mu sìgá.