Ẹ̀rọ Ti Ń Fún Mi Ní Ìnsúlínì, Kí Ló Tún Kù Fún Èmi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní ló ń bá mi fínra. Láti bí oṣù méjì tí mo ti ń lo pọ́ǹpù tó ń dá ìnsúlínì (oògùn tó ń mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ walẹ̀) wọ̀n fúnra rẹ̀, òru mi ti tòrò, àmọ́ tí mo bá ti jẹun báyìí, ṣúgà mi á fò kọjá 250 mg/dL. Ṣebí ẹ̀rọ ló yẹ kó bá mi mójú tó o?

Ìdáhùn: Ẹ̀rọ yín kò mọ̀ pé ẹ jẹun. Nọ́ńbà tí sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ohun kékeré tó ń wọn ṣúgà lára yín, ń fi ránṣẹ́ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 5 sí ara wọn ló ń rí. Sẹ́ńsọ̀ ọ̀hún kò sì sí nínú iṣan ẹ̀jẹ̀: omi abẹ́ awọ ló ń yẹ̀ wò, ṣúgà sì máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó débẹ̀. Ìnsúlínì pàápàá ń gbà tó ìṣẹ́jú 15 kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wákàtí 1 sí 2 kí agbára rẹ̀ tó dé góńgó. Kí ẹ̀rọ tó fura, oúnjẹ ti sá lọ. Láti ọdún 2016 tí FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, ti fọwọ́ sí MiniMed 670G, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tó rí àṣẹ gbà, títí dòní, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ẹ̀rọ yìí ṣì ń retí kí ẹ sọ fún wọn pé oúnjẹ ń bọ̀.

Ẹ ka gíráàmù kabọháídíréètì (èròjà oúnjẹ tó ń di ṣúgà nínú ara) inú oúnjẹ, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú pọ́ǹpù, kí ẹ sì gba ìnsúlínì rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 15 kí oúnjẹ tó kan ẹnu. Bí ẹ bá gbàgbé, tó sì ti lé ní ìṣẹ́jú 30 tí ẹ ti jẹun, ìdajì iye gíráàmù náà ni kí ẹ tẹ̀, torí ẹ̀rọ á ti máa fi kún ìnsúlínì lábẹ́lẹ̀. Bó bá ti ju wákàtí kan lọ, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. Àwọn kan máa ń purọ́ fún un: wọ́n á tẹ 40 gíráàmù oúnjẹ tí wọn ò jẹ, kí ṣúgà lè tètè sọ̀. Irọ́ yẹn náà ló ń já ṣúgà wọn lulẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 2.

Ìbéèrè: Tí ṣúgà mi bá já sí 65, mo máa ń mu ohun dídùn tó ní 20 gíráàmù ṣúgà. Kì í pẹ́ tó fi ń di 220. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ó pọ̀ jù ni. Kí ẹ tó dé 65, ẹ̀rọ ti rí i pé ẹ ń bọ̀ nílẹ̀, ó ti dín ìnsúlínì kù tàbí kó ti sé e. Gíráàmù 5 sí 10 sábà máa ń tó. Ẹ dúró ìṣẹ́jú 15, ẹ tún wò ó. Àfi tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìnsúlínì oúnjẹ tàbí tí ẹ ń ṣeré ìdárayá, ó lè gba 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti eré ìdárayá, wákàtí 1 sí 2 ṣáájú ni kí ẹ ti tan ètò rẹ̀ lórí ẹ̀rọ. Ẹ má ṣe jẹ nǹkan dídùn sílẹ̀ ṣáájú láti fi dènà: ẹ̀rọ á rí ṣúgà tó ń gòkè, á da ìnsúlínì lé e, ìnsúlínì yẹn lá sì gbé yín ṣubú lẹ́nu eré.

Ìbéèrè: Láti àárọ̀ ni ṣúgà mi ti wà ní 300. Pọ́ǹpù ní òun ń fún mi ní ìnsúlínì. Èwo ni ká gbà gbọ́?

Ìdáhùn: Ṣúgà ni kí ẹ gbà gbọ́. Ohun tí pọ́ǹpù tì jáde ló ń kà, kò mọ èyí tó wọ ara. Ẹ yọ kánúlà, ìyẹn ọ̀pá tín-ín-rín tó wọ abẹ́ awọ, ẹ wò ó dáadáa: ẹnu rẹ̀ lè ti tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Ẹ gbóòórùn pílásítà tó wà níbẹ̀. Bó bá tutù, tó ń rùn bí oògùn apakòkòrò tí wọ́n fi ń nu egbò, ìnsúlínì ló ń jò síta yẹn. Ó sì lè jẹ́ afẹ́fẹ́ ló wà nínú ọ̀pá tí ìnsúlínì ń gbà láti pọ́ǹpù wá.

Ẹ má fi falẹ̀ o. Ìnsúlínì tó ń yára ṣiṣẹ́ nìkan ló wà nínú pọ́ǹpù, kò sí èyí tó ń pẹ́ lára tó máa ràn yín lọ́wọ́, kítónì, ásíìdì tí ara ń mú jáde bí ìnsúlínì kò bá tó, lè bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ gún ìka, kí ẹ yẹ kítónì wò. Bó bá tó 0.6 mmol/L, bíírò ìnsúlínì (abẹ́rẹ́ ìnsúlínì tó rí bíi bíírò ìkọ̀wé) ni kí ẹ fi gún ara, kì í ṣe pọ́ǹpù. Kẹ́ ẹ wá pààrọ̀ kánúlà, ọ̀pá àti ìnsúlínì inú rẹ̀, ní ojú ibòmíràn. Ẹ̀rọ kò mọ̀ nípa abẹ́rẹ́ tí ẹ gún yẹn, ẹ pa adáṣiṣẹ́ rẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí 4, kó má baà fi tiẹ̀ kún un. Bí kítónì bá tó 1.5, ẹ pe àwọn tó ń tọ́jú yín. Bó bá tó 3, tàbí tí ẹ bá ń bì, ọsibítù ni, kíákíá.

Ká tilẹ̀ ní kítónì kò sí, tí ṣúgà bá ti lé ní 250 fún wákàtí 2 tí kò mì, ẹ pààrọ̀ kánúlà.

Ìbéèrè: Lóru, sẹ́ńsọ̀ pariwo pé mo wà ní 52. Mo gún ìka, ó ní 110.

Ìdáhùn: Ẹ fi ara lé e nígbà tí ẹ sùn ni. Ìwúwo ara ló ti omi kúrò lábẹ́ sẹ́ńsọ̀. Ẹ yí padà. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, nọ́ńbà á padà sí bó ṣe yẹ. Àmọ́ pọ́ǹpù á ti sé ìnsúlínì ní gbogbo ìgbà yẹn, kó má yà yín lẹ́nu bí ẹ bá jí pẹ̀lú ṣúgà tó ga díẹ̀. Nígbà tó bá kan pípààrọ̀ sẹ́ńsọ̀, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tí ẹ kì í fi sùn.