Kọfí "agbára" tí wọ́n ń tà nínú ọkọ̀: kí ló wà nínú rẹ̀ gan-an?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Apòògùn. Baálé mi, ẹni ọdún 61, ra kọfí agbára nínú ọkọ̀ èrò nígbà tí wọ́n ń ti Òṣogbo bọ̀. Ẹni tí ó tà á fún wọn ní ewé àti egbò ni wọ́n pò mọ́ ọn, àti pé kọfí fúnra rẹ̀ máa ń fún iṣan àti egungun lókun. Ife méjì ni wọ́n ń mu lálaalẹ́. Wọn kì í rí oorun sùn dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn tún ti di ọ̀dọ́kùnrin. Wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ife mélòó ló yẹ kí wọ́n máa mu lóòjọ́, ṣé kí n sì máa fi mílíìkì sí i fún wọn?

Ìdáhùn: Ẹ̀yin ìyá mi, ọ̀rọ̀ mílíìkì ṣì ń bọ̀. Iye ife kọ́ ló yẹ kí á kọ́kọ́ sọ, nítorí pé orí ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè náà dúró lé. Ó lé ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá tí wọ́n ti bi mí ní irú rẹ̀ lọ́dún yìí, ó sì ń bí mi nínú, kì í ṣe sí ẹ̀yin tí ẹ béèrè, bí kò ṣe sí àwọn tí ń fi ẹnu dídùn ta ohun tí wọn kò mọ̀ fún àgbàlagbà tí ń lo oògùn lọ́wọ́.

Kọfí kì í fún ẹnikẹ́ni lágbára. Oúnjẹ ló ń fúnni lágbára, kọfí dúdú tí a kò fi ṣúgà tàbí mílíìkì sí kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní oúnjẹ kankan nínú tí ó lè fi mọ iṣan tàbí egungun. Àárẹ̀ ló ń bò mọ́lẹ̀. Láti ìgbà tí a bá ti jí, bí ọpọlọ ti ń ṣiṣẹ́ ni èròjà kan tí à ń pè ní adenosine ń kóra jọ díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀. Ó ní àga tirẹ̀ nínú ọpọlọ. Bí ó bá ti jókòó síbẹ̀ ni ojú yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, tí ara yóò máa wá ibùsùn. Káfíìnì, ìyẹn èròjà inú kọfí tí Runge, onímọ̀ kẹ́míkà ará Jámánì, yọ sọ́tọ̀ ní 1819, jọ adenosine débi pé ó lè gba àga rẹ̀ jókòó, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ iṣẹ́ tí adenosine wá jẹ́. Adenosine kò sì lọ síbì kankan. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń pọ̀ sí i, nígbà tí káfíìnì bá sì dìde, àárẹ̀ tí ẹni náà rò pé òun ti ṣẹ́gun yóò wó lé e lórí. Gbèsè oorun ni kọfí ń bá wa fi pamọ́. Kò bá wa san kọ́bọ̀ nínú rẹ̀.

Káfíìnì kì í sì í tètè kúrò lára. Ó máa ń tó nǹkan bíi wákàtí 5 kí ìdajì rẹ̀ tó jáde. Bí baálé yín bá mu mílígíráàmù 100 ní aago mẹ́jọ alẹ́, nǹkan bí 50 ṣì wà lára wọn ní aago kan òru. Ìdí tí wọn kò fi rí oorun sùn nìyẹn, àìsùn sì máa ń dá kún ẹ̀jẹ̀ ríru.

Àwọn baba wa mọ èyí kí orúkọ káfíìnì tó dé ẹnu wa. Ọdẹ tí yóò ṣọ́ àdúgbò mọ́jú máa ń jẹ gbànja, nítorí pé káfíìnì kan náà ló wà nínú obì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kòkó ni obì bá tan, kì í ṣe kọfí. N kò gbọ́ ọ rí kí ẹnikẹ́ni sọ pé obì ń to egungun.

Ẹ ó wá bi mí pé kí ló dé tí wọ́n fi di ọ̀dọ́kùnrin. Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí nìyí. Bí kọfí agbára bá ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe wí, kì í ṣe kọfí ló ṣe é. Àjọ FDA, tí ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ti yẹ irú rẹ̀ wò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, wọ́n sì bá sildenafil, èròjà inú Viagra, tàbí ìbátan rẹ̀ níbẹ̀, láìsí pé wọ́n kọ ọ́ sára páálí; ní 2017, ilé iṣẹ́ kan ní Texas kó kọfí tirẹ̀ kúrò lórí igbá nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Sildenafil kì í ṣe májèlé, oògùn gidi tí dókítà ń kọ fún ènìyàn ni. Ṣùgbọ́n ó máa ń já ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, bí ó bá sì pàdé oògùn àyà bíi isosorbide tàbí nitroglycerin, ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ débi ikú. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tí kò bá a rẹ́ bákan náà. N kò lè fi ẹnu sọ ohun tí ó wà nínú sáṣẹ́ẹ̀tì yín láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí ó tà á náà kò lè sọ ọ́. Ọ̀kan tí wọ́n mú wá bá mi lórí káńtà, báírò ni wọ́n fi kọ ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ sí i, ààyè nọ́ńbà NAFDAC sì ṣófo.

Kí wọ́n dáwọ́ kọfí yẹn dúró lónìí. Kí wọ́n má ṣe dáwọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró o; n kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má da ìyókù sáṣẹ́ẹ̀tì náà nù: ẹ mú un lọ bá dókítà wọn pẹ̀lú gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò, kí wọ́n sọ tẹnu wọn láìtijú. Bí àyà bá ń dùn wọ́n, tí òòyì ń kọ́ wọn, tàbí tí ojú wọn ń ṣe bàìbàì, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́gán, kí ẹ sì sọ ohun tí wọ́n mu kí ẹnikẹ́ni tó fún wọn ní oògùn.

Kọfí gidi kò jẹ̀bi, n kò sì fẹ́ kí wọ́n pàdánù adùn rẹ̀. Àjọ tí ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù sọ ní 2015 pé mílígíráàmù káfíìnì 400 lóòjọ́ kò léwu fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá. Ife kọfí sísẹ́ kan sún mọ́ 90. Ní ti baálé yín, bí dókítà bá fọwọ́ sí i, ife kan tó ní òwúrọ̀, kí ẹ sì wọn ẹ̀jẹ̀ wọn ṣáájú àti lẹ́yìn wákàtí kan. Bí ẹ bá rí irú kọfí tí à ń pè ní arabica, ti orí òkè Mambilla ní Taraba, ẹ rà á. Káfíìnì inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ti robusta, irú kọfí kejì tí wọ́n ń gbìn ní agbègbè Kàbbà. Ẹ lọ hóró rẹ̀, ẹ bu ṣíbí méjì sínú bébà asẹ́, ẹ jẹ́ kí omi híhó sinmi díẹ̀, kí ẹ wá rọra ta ìwọ̀nba sí i. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lórí iná ayan, yóò wú, yóò yọ ìfófòó, òórùn rẹ̀ yóò sì gba gbogbo ilé. Èyí tí ó ti pẹ́ nílẹ̀ kì í wú. Bébà náà yóò gba ọ̀rá inú kọfí tí ó máa ń mú kí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù pọ̀ sí i dúró.

Ní ti mílíìkì, kò sí aburú nínú rẹ̀. Ṣúgà ni kí ẹ bá wọn ṣọ́.